Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n lọ fa awọ ojú mi kí ìgbéyàwó ọmọ mi tó dé?

Àbẹ̀ní_Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn níbẹ̀. Ẹni ọdún 54 ni mí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń gún abẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé ń gún láti fi dín sísanra kù, kílò 23 ló ti lọ lára mi. Ìtọ̀ ṣúgà tó ń lé mi bọ̀ ti padà sẹ́yìn, inú dókítà mi dùn. Àmọ́ ẹ wá wo ojú mi! Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n yọ òwú inú ìrọ̀rí tí wọ́n fi àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti sọ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n, abẹ́ ọrùn mi ń mì bíi ti tòlótòló.

Oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó àkọ́bí mi obìnrin ní Ìbàdàn. Sátidé tó kọjá, mo lọ dán gèlè wò lọ́dọ̀ obìnrin tó fẹ́ wé e fún wa. Bó ṣe fà á le, tó so ó lẹ́yìn, ojú mi gòkè, ìpéǹpéjú mi ṣí, mo rí ara mi bí mo ṣe rí nígbà tí mo wà lẹ́ni ogójì ọdún. Bó ṣe tú u báyìí, gbogbo rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń sunkún bọ̀ wálé.

Mo ti bèèrè iye tí wọ́n ń gbà níbi méjì. Dókítà kan níhìn-ín ní £9,500, ojú pẹ̀lú ọrùn. Àwọn kan tó ń kó èèyàn lọ sí Istanbul ní ilẹ̀ Tọ́kì ní £3,800, hòtẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, wọ́n ní tí mo bá sanwó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, àwọn á bá mi ṣe ìpéǹpéjú lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá àwọn ọmọ ní ohun tó bá ti wù mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣé orí mi pé. Oṣù Kẹsàn-án la wà yìí. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá_Alátẹ

Àbẹ̀ní ọmọ mi, kí lo rí lọ́bẹ̀ tó o fi warú sọ́wọ́? Ẹni ọdún 67 ni mí, òrí nìkan ni mo fi ń pa ojú. Awọ dúdú kì í tètè gbó, àwọn òyìnbó ni ojú wọn ń hunjọ. Máa fi òrí pa á láàárọ̀ àti lálẹ́, máa fi ọwọ́ rọra tì í sókè, kí o sì jẹun díẹ̀ sí i. Ẹran á padà síbẹ̀.

Alàgbà_Mushin

Ojú tí Ọlọ́run fún yín ni ẹ fẹ́ gbé fún ọ̀bẹ yìí? Ọmọ yín ló ń ṣègbéyàwó, kì í ṣe ẹ̀yin. Iyì àgbà ni kí ojú ẹni fi hàn pé a ti rìn jìnnà.

Ṣisí_Houston

Alàgbà, ẹ dákun sà, ṣé ẹ kì í pa ewú orí yín láró?

Àǹtí Àbẹ̀ní, ẹ má lọ sábẹ́ ọ̀bẹ rárá. Filler ni kí ẹ lọ gún, oje tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fún sábẹ́ awọ kí ojú lè kún. Ẹni ọdún 46 ni mí, mo gún un sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́dún tó kọjá. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni mo fi lọ ṣe é, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Alàgbà_Mushin

Mo ń pa á láró. Ẹ ti mú mi. Ṣùgbọ́n aró kì í la awọ.

Nọ́ọ̀sì_Birmingham

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ó máa gùn díẹ̀. Ọdún 17 ni mo ti wà ní tíátà, yàrá tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ, mo lo mẹ́fà nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú.

Ìyá Alátẹ, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín mà. Dúdú awọ wa ń gba oòrùn dúró, ìdí nìyẹn tí ìlà wẹ́wẹ́ kì í fi í tètè hàn lójú wa. Ṣùgbọ́n awọ nìkan kọ́ ló ń gbó. Ọ̀rá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dín kù, ó ń sọ̀, egungun ojú pàápàá ń jó rẹ̀yìn. Òrí dára fún awọ gbígbẹ, kò lè gbé ohun tó ti sọ̀. Tí ó bá sì jẹun padà, ta ló sọ pé ojú lẹran máa kọ́kọ́ lọ? Ìdí àti ikùn ni tèmi máa ń lọ.

Ṣisí Houston, filler ò burú fún ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jìn wọlé. Àmọ́ bí awọ bá ti ṣẹ́kù lábẹ́ àgbọ̀n, filler ò lè gé e kúrò. Bí wọ́n bá ń gún un lé ara wọn láti fi gbé ojú sókè, ojú á wú bíi ti ẹni tí oyin ta. Oṣù 6 sí 18 ló sábà máa ń lò, ẹ ó tún padà lọ sanwó. Bí ó bá sì ṣèèṣì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó lè pa awọ, ó lè fọ́ ojú. Ó ṣọ̀wọ́n o, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní oúnjẹ ọ̀sán.

Ní ti facelift, ìyẹn fífa awọ ojú tí ẹ ń bèèrè, láti inú irun ẹ̀bátí ni wọ́n ti ń la á, ó máa gba iwájú etí, yípo ìsàlẹ̀ etí, kó tó lọ sẹ́yìn rẹ̀ wọnú irun. Ìpele kan wà lábẹ́ awọ tí wọ́n ń pè ní SMAS. Ọdún 1976 ni àwọn dókítà méjì ní ilẹ̀ Faransé ṣàlàyé rẹ̀, òun gan-an ni oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ ń fà le. Ẹ wo àga onítìmùtìmù: ẹni tó bá fa aṣọ òkè nìkan, kò ní pẹ́ tó máa rọ̀. Lójú èèyàn, á tún wá rí bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ọ̀kadà ń fẹ́ lójú. Èyí tó bá dára lè lò tó ọdún 10, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí ò ní dúró dè é.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù nínú ewu rẹ̀ ni kí ẹ̀jẹ̀ gbá jọ sábẹ́ awọ, wákàtí 24 àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jẹ́. Wọ́n á dá èèyàn padà sí tíátà kíá. Ìsàlẹ̀ etí lè má mọ ìfọwọ́kàn fún oṣù mélòó kan, kí yẹtí wà níbẹ̀ kí ẹ má mọ̀. Nọ́ọ̀fù tó ń mú ẹnu rẹ́rìn-ín náà gba ibẹ̀ kọjá. Kì í wọ́pọ̀ kó bàjẹ́ pátápátá, àmọ́ ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ọ́ lójú yín. Ẹni tó bá ń mu sìgá, kó má tilẹ̀ dé ibẹ̀: awọ tí wọ́n gbé sókè lè kú mọ́ ọn lójú.

Ó wá ku èyí tó kan àwa gan-an. Àǹtí, ẹ fọwọ́ kan etí yín. Ǹjẹ́ ibì kan wà tí ẹ lù tó wú, tó di kókó líle? Kìlọ́ìdì nìyẹn. Ó wọ́pọ̀ lára wa ju lára òyìnbó lọ, ìtòsí etí sì wà lára ibi tó fẹ́ràn jù. Ẹ tún wo irun ẹ̀bátí yín nínú dígí. Àwa tí wọ́n ti ń di irun fún le koko láti kékeré, tí a tún wá ń fi gúlù lẹ wíìgì, ọ̀pọ̀ wa ni irun iwájú etí ti já lọ. Inú irun yẹn ni wọ́n fẹ́ fi ojú abẹ pamọ́ sí. Tí irun ò bá sí níbẹ̀, kí ló máa bò ó?

Ẹ má bínú mà, mo gbọ́dọ̀ bèèrè: ṣé ẹ ń bóra? Ìpara tí wọ́n fi steroid sí, oògùn líle tó ń mú ara wíwú rọlẹ̀, máa ń jẹ́ kí awọ fẹ́lẹ́, ọgbẹ́ kì í tètè jiná lára irú awọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣì wà nílé, mo rí i ní tíátà. Wọ́n ń rán obìnrin kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbímọ, bí òwú ṣe ń wọlé ni awọ ń ya bíi bébà tó tutù. Ìpara ọdún 12 ni.

Ìbéèrè ìkẹyìn: ṣé kílò yín ti dúró sójú kan? Bí ẹ bá fa awọ lónìí tí ẹ tún sọ kílò 8 nù lẹ́yìn rẹ̀, á tún rọ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà fẹ́ kó ti dúró tó oṣù 6. Abẹ́rẹ́ yẹn sì máa ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn. Ẹ má fi pamọ́ fún ẹni tó máa kùn yín lóorun, nítorí oúnjẹ lè gòkè wá kó sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Bọ̀dá_Atlanta

Ọkùnrin ni mí, ẹni ọdún 57. Mo ṣe é ní 2021, mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìyàwó mi.

Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ nípa ẹ̀jẹ̀. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ti ń fo oògùn mi fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mi ò sọ fún dókítà, mo rò pé wọ́n á fagi lé e. Lóru ọjọ́ náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó le bí àgbọn. Agogo méjì òru ni wọ́n gbé mi padà wọlé. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tiwọn.

Nǹkan kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Nígbà tí wọ́n fa awọ sẹ́yìn, awọ tó ń hu irùngbọ̀n bá a lọ. Ẹ̀yìn etí ni mo ti ń fá irùngbọ̀n báyìí. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ń rín in láràárọ̀.

Ṣé mo kábàámọ̀? Rárá o. Mò ń ta ọjà fún ilé iṣẹ́ ńlá, àwọn ọ̀dọ́ ti ń pè mí ní "Pops". Mo wo ojú mi lónìí, ó wù mí. Àwọn tó ń sọ pé kí Àǹtí má ṣe é rárá, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ti ẹni tó ti ṣe é tí inú rẹ̀ dùn náà.

Àdùkẹ́_Leeds

Istanbul ni mo ti ṣe tèmi, èmi ẹni ọdún 52. Mi ò ní pe orúkọ ibẹ̀. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ni mo fi rí dókítà kí wọ́n tó gbé mi wọlé, ẹni tó ń túmọ̀ ń wo fóònù rẹ̀. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp fún oṣù méjì kì í ṣe nọ́ọ̀sì rárá, ọlọ́jà ni. Ọjọ́ kẹfà ni mo wọ ọkọ̀ òfurufú padà, ojú mi wú bí búrẹ́dì, ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ dídì lẹ́sẹ̀ ń bà mí jálẹ̀ ọ̀nà.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta. Ẹ̀yìn etí ọ̀tún ń ṣomi. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n ní "normal, sister". GP mi, dókítà àdúgbò wa, wò ó, ó kọ oògùn fún mi, ó ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀. Àpá ibẹ̀ ti wá nípọn bí okùn báyìí.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́: iwájú ojú mi dára. Àbúrò ọkọ mi náà ṣe tirẹ̀ ní ìlú yẹn kan náà, ibòmíràn ni ó lọ, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá a dúró, dókítà fúnra rẹ̀ ló yọ òwú. Kò ní àléébù kankan. Nítorí náà, ìlú kọ́ lẹ máa bèèrè. Ẹ bèèrè pé: ta ló máa wò mí ní ọjọ́ kejì, ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní oṣù kẹta?

Àti pé Àǹtí, gèlè! Ẹ̀yìn etí gan-an ni gèlè ti máa ń fún èèyàn. Ṣé orí ojú abẹ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ fẹ́ so ó mọ́?

Ẹ̀gbọ́n_Ìkẹjà

Gbogbo yín ń pe Lọ́ńdọ̀n àti Tọ́kì bí ẹni pé kò sí dókítà nílé. Ẹ̀ka tó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí wà ní ilé ìwòsàn Ìgbóbì ní Èkó láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àwọn tó kọ́ níbẹ̀ mọ awọ wa ju ẹni tó jẹ́ pé òyìnbó nìkan ló ń tọ́jú. Àmọ́ ẹ la ojú yín. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó kọ "aesthetics", ìyẹn ìtọ́jú ẹwà, sára pátákó ní Lẹ́kì ló jẹ́ oníṣẹ́ abẹ. Orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ẹ sì bèèrè bóyá ó wà nínú NAPRAS, ẹgbẹ́ àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà ní tòótọ́.

Nọ́ọ̀sì_Birmingham

Mo gbà pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n. Ní Ìlú Ọba, GMC, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀, ni kí ẹ wò: kì í ṣe pé kí orúkọ kàn wà níbẹ̀ o, kó wà nínú ìwé orúkọ àwọn dókítà àkànṣe, kí wọ́n kọ "plastic surgery", iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara, sí i. Tó bá jẹ́ England, ilé ìwòsàn náà gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ CQC, àjọ tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò. NHS, ètò ìlera ìjọba, kì í sanwó fún ẹwà lásán. Àwọn tó ní "sanwó kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí", ẹ sá fún wọn. Dókítà tó dára á ní kí ẹ lọ rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán.

Màmá_Pélé

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, Manchester ni mo ń gbé báyìí, mo ti pé ọdún 63. Pélé mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èmi náà lọ rí dókítà, ọmọ òyìnbó kan báyìí, ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ojú mi, ó fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ní "Àwọn àmì yìí máa rìn lọ sápá etí." Mo ní kó jọ̀wọ́ tún un fà. Mo wo dígí. Pélé ìyá mi wà ní ibi tí tèmi wà gan-an, bó ṣe fà á, ojú ìyá mi kúrò lójú mi.

Mo ní ó tó. Ìpéǹpéjú òkè nìkan ni mo ṣe, nítorí ó ti ń bo ojú mi tí mo bá ń wa ọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá, mo ti wà lọ́jà. Mi ò sọ pé kí Àbẹ̀ní má ṣe tirẹ̀. Ohun tó ń dùn ún yàtọ̀ sí tèmi.

Ṣisí_Houston

Màmá, ẹ ti pa mí lẹ́kún.

Àbẹ̀ní_Peckham

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ń kà á lẹ́nu iṣẹ́, ẹnìkan bèèrè pé ta ló kú.

Nọ́ọ̀sì, ẹ ti mú mi níbi mẹ́ta. Kókó kan wà ní etí òsì mi láti 1996 tí mo lu ihò kejì, mo máa ń fi irun bò ó. Mi ò ń bóra, "tóònù" ni mo ń pè é, àmọ́ láti 2009 ni mo ti ń ra ìpara kan nídìí ọjà, kò sí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ju pé ó ń tàn. Kílò mi kò tíì dúró. Méjì ló tún lọ lóṣù yìí.

Nọ́ọ̀sì_Birmingham

Ẹ gbé ike ìpara náà lọ fún GP yín, ẹ má kàn dá a dúró lójijì tó bá jẹ́ pé steroid wà nínú rẹ̀, awọ ojú lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n kó sì máa ta. Kókó etí yẹn, òun ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa fi han dókítà.

Àbẹ̀ní_Peckham (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Mo ti lọ o. Dókítà obìnrin, mo ti wo orúkọ rẹ̀ ní GMC. £150 kí n kàn jókòó síwájú rẹ̀, ó sì lo wákàtí kan.

Ó gbé dígí lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi ohun tí mò ń fẹ́ han òun. Mo ti ìka mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ orí, mo fa ojú mi sókè bí gèlè ṣe fà á. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí mo rí lábẹ́ gèlè, iwájú orí àti ìpéǹpéjú ni, facelift kì í kan ibẹ̀ rárá. Ó wá gbé ìka rẹ̀ sí iwájú etí mi, ó rọra tì í sẹ́yìn díẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n mi jáde, ọrùn mi dúró. Ìpéǹpéjú mi wà bó ṣe wà. Ó ní, "Ohun tí £9,500 máa ṣe nìyí. Ṣé òun lo fẹ́?" Mi ò lè dáhùn. Láti oṣù mẹ́fà ni mo ti ń fi owó pamọ́ fún nǹkan tí wọn ò tà.

Ó wo kókó etí mi pẹ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ rí àwọn oníwòsàn awọ nípa òun àti ìpara, kí kílò mi dúró, kí n padà wá lóṣù Karùn-ún. Kò gba owó àsansílẹ̀ kankan. Bóyá màá ṣe é, bóyá ìpéǹpéjú nìkan ni, mi ò tíì mọ̀. Àwọn ti Istanbul ti pè mí lẹ́ẹ̀meje. Wọ́n ti já owó náà wá sí £3,200 báyìí.

Alàgbà_Mushin

Ọlọ́run ṣeun. Aṣọ ẹbí wo la ń wọ̀?

Àbẹ̀ní_Peckham

Àwọ̀ ewé pẹ̀lú góòlù, sà. Obìnrin onígèlè ti ṣèlérí pé òun máa fà á le dáadáa lọ́jọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì_Birmingham

Kó má fà á le jù o. A ṣì máa nílò irun ẹ̀bátí yẹn lóṣù Karùn-ún.